Láptọ́ọ̀pù ojú ńlá tí kò ní káàdì gíráfíìsì lọ́tọ̀: kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

ÀǹtíOníṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tí ojú rẹ̀ tóbi, láti 15.6 ínǹṣì dé 17.3. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fẹ́ máa fi ṣe: Excel, QuickBooks, PDF báǹkì tí mo máa ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Excel, àti ìpàdé orí Zoom. N kì í ṣe géèmù, n kì í sì í gé fídíò. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé gíráfíìsì inú prosẹ́sọ̀ á tó mi, kí n má baà sanwó káàdì tí n kò ní lò. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí jẹ́ 14 ínǹṣì, píksẹ́lì rẹ̀ (àmì kéékèèké tó ń gbé àwòrán jáde) jẹ́ 1366×768, ojú sì ti ń dùn mí. Ṣómólú ni ilé, Marina ni ọ́fíìsì, BRT ni mo máa ń wọ̀. Ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀, kó ṣáà ti dára. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wò, kí sì ni kí n sá fún?

Síkírínì_Otigba

Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ohun méjì tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀: bí ojú ṣe tóbi sí, àti bí ohun tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó. Láptọ́ọ̀pù 15.6 tó jẹ́ 1920×1080 àti 17.3 tó jẹ́ 1920×1080, iye ìlà Excel kan náà ni wọ́n máa gbé jáde. Lẹ́tà orí 17.3 kàn máa fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 tóbi ju ti 15.6 lọ ni. Tí ojú bá ń dùn yín nítorí lẹ́tà tó kéré, 17.3 á ràn yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rí ìlà púpọ̀ sí i, títóbi nìkan kò ní ṣe é.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni 16 ínǹṣì tó jẹ́ 1920×1200. Ẹ mú tépù télọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wọn ibi tó ń tàn nìkan, ẹ má wọn ike dúdú etí rẹ̀. 15.6 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 34.5, ó ga tó 19.4. 17.3 fẹ̀ tó 38.3, ó ga tó 21.5. Wàyí o, 16 ínǹṣì yẹn fẹ̀ tó 34.5, ó sì ga tó 21.5. Ìbú 15.6 ló ní, gíga 17.3 ló sì ní. Ẹni tó ń wọ BRT kò ní ru ẹrù 17.3, síbẹ̀ píksẹ́lì 120 ló fi ga ju 1080 lọ. Ìlà Excel kan jẹ́ píksẹ́lì 20 bí ìtóbi Windows bá wà ní 100%, torí náà ìlà mẹ́fà lẹ jèrè. Bí ẹ bá gbé Windows sí 125%, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lórí ojú báyìí, ó ṣì kù díẹ̀ kó pé ìlà márùn-ún.

Ẹ sá fún 15.6 tó jẹ́ 1366×768. Ó ṣì pọ̀ nílẹ̀, nínú tuntun olówó pọ́ọ́kú àti nínú tòkunbọ̀. Ohun tí ẹ ń rí lórí 14 yín gan-an náà ló máa gbé jáde, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ ni. Lẹ́tà á rí gátagàta, torí píksẹ́lì 100 péré ló wà nínú ínǹṣì kan. 1920×1080 ní 141.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, pàápàá tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ rí. Ẹ fi HWiNFO, ètò kékeré tó ń fi ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà hàn, sórí fíláàṣì, ẹ ṣí i níbẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ Monitor. Nọ́ńbà ojú náà á hàn. Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀kan, ti AUO tó jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ojú: B156XTN. 156 ni 15.6 ínǹṣì. X ni 1366×768. TN ni irú ojú tó máa ń dúdú tí a bá wò ó láti ìsàlẹ̀. B156HTN, H ti sọ ọ́ di 1920×1080, àmọ́ TN ṣì ni. B156HAN, ìyẹn ló dára: 1920×1080, àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà láti ẹ̀gbẹ́. Nínú ti BOE, NT156WHM àti NT156FHM jẹ́ TN, NV156FHM ló dára. Nínú ti Innolux, N156BGE ni 1366×768, N156HGE ni 1920×1080 tó jẹ́ TN, N156HCA ni kí ẹ wá. Ti LG, LP156WH ni èyí tó kéré, LP156WF ni 1920×1080.

Tí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ ṣí ojú ìwé funfun, kí ẹ dá ojú láptọ́ọ̀pù náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀. TN á ṣókùnkùn, àwọ̀ rẹ̀ á dojú rú. Ojú tó dára kò ní yẹ̀.

Òǹtẹ̀wé_Ṣómólú

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ kún un, torí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìpè àti bánà náà ń ka ibí yìí. Lára ìwé àlàyé láptọ́ọ̀pù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ 45% NTSC tàbí 100% sRGB sí, ìyẹn ìwọ̀n bí àwọ̀ tí ojú lè gbé jáde ṣe pọ̀ tó. 45% NTSC kò lè gbé pupa àti ewé jáde bó ṣe yẹ: pupa á sún mọ́ ọsàn, àwọ̀ àlùkò á ṣá. Ẹni tó bá fi irú ojú bẹ́ẹ̀ yan àwọ̀ aṣọ ẹbí sórí ìwé ìpè, tí ó sì tẹ ẹgbẹ̀rún kan jáde, àwọ̀ tó bá jáde lórí ìwé kò ní jẹ́ èyí tí oníbàárà fọwọ́ sí. Fún Excel, kò dí yín lọ́wọ́. Fún CorelDRAW àti Photoshop, 100% sRGB ni kí ẹ dúró lé.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? 250 nits ni ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú ní. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé, á dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ rekete. Ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ tún un wò. 300 ni kó bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, 400 dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ojú rẹ̀ má sì dán bíi dígí, torí ojú ara yín lẹ máa máa rí nínú rẹ̀.

ÀǹtíOníṣirò

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ 16 ínǹṣì yẹn là mí lójú. Mo rí kan lórí ayélujára tí wọ́n kọ "16GB RAM, 8GB graphics" sí, tí iye rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú àwọn tí kò ní káàdì. Ṣé òótọ́ ni?

Ọgbọ́nRAM

Rárá o, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n tú u wò.

Gíráfíìsì inú prosẹ́sọ̀ kò ní ìrántí tirẹ̀. Inú abọ́ RAM kan náà tí Excel ti ń jẹun ni òun náà ti ń jẹ. Windows máa ń gbà á láyè láti mú tó ìdajì RAM nígbà tó bá nílò rẹ̀. RAM 16GB, ìdajì rẹ̀ 8GB: ibẹ̀ ni "8GB graphics" ti wá. Ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ dxdiag, ẹ lọ sí Display. Ẹ máa rí ìlà méjì. Ọ̀kan ni Display Memory, tó máa jẹ́ 128MB lára ọ̀pọ̀ Intel. Ìkejì ni Shared Memory, tó máa sún mọ́ 8000MB. Èyí kejì ni wọ́n ń tà fún yín bíi pé káàdì ni. Káàdì gidi á ní orúkọ tirẹ̀, NVIDIA GeForce tàbí irú rẹ̀, Task Manager á sì fi GPU 0 àti GPU 1 hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti AMD yàtọ̀ díẹ̀: ó máa ń yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, 512MB lára òmíràn, 2GB lára òmíràn. Tí ẹ bá rí "8.00 GB (5.94 GB usable)", RAM náà kò bàjẹ́, gíráfíìsì ló ti bu tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé 8GB kò tó mọ́ fún láptọ́ọ̀pù tí gíráfíìsì rẹ̀ wà nínú prosẹ́sọ̀. 16GB ni kí ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì ṣe pàtàkì ju iye lọ: ṣé ẹyọ kan ni RAM náà àbí méjì? Ẹyọ RAM irú DDR4-3200 kan ń gbé gígábáìtì 25.6 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ẹyọ méjì tó dọ́gba sí i, ó di 51.2. Prosẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà lára, àmọ́ gíráfíìsì mọ̀ ọ́n gan-an, torí kò ní ibòmíì tó ti lè mu omi. Intel pàápàá fi hàn kedere: bí prosẹ́sọ̀ tó ní gíráfíìsì Iris Xe bá bá RAM ẹyọ kan, Windows kò ní kọ Iris Xe mọ́, "Intel UHD Graphics" ló máa kọ.

Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, Performance, Memory. Nísàlẹ̀ ẹ máa rí "Slots used: 1 of 2" tàbí "2 of 2". 1 of 2 kò burú, ó túmọ̀ sí pé ẹ lè fi ẹyọ kan kún un. 1 of 1 pẹ̀lú 8GB ni kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń lo CPU-Z, kó ṣọ́ra pẹ̀lú DDR5: ẹyọ kan ṣoṣo á kọ 2 x 32-bit, èyí tó lè dà bíi méjì lójú ẹni. 4 x 32-bit ni ẹyọ méjì gidi.

ÀǹtíOníṣirò

Tí wọ́n bá ti lẹ RAM mọ́ bọ́ọ̀dù ńkọ́?

Ọgbọ́nRAM

Oríṣi méjì ló wà. Àwọn kan lẹ gbogbo rẹ̀, LPDDR5 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyẹn yára dáadáa, àmọ́ iye tí ẹ bá rà lẹ máa lò títí láptọ́ọ̀pù á fi darúgbó. Àwọn mìíràn lẹ 8GB, wọ́n sì fi ojú ihò kan sílẹ̀. Ẹ ki 8GB bọ ihò náà, méjèèjì á dọ́gba. Ẹ ki 16GB bọ̀ ọ́, 16GB àkọ́kọ́ nínú 24 á gba ọ̀nà méjì, 8GB tó ṣẹ́kù á gba ọ̀nà kan. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ prosẹ́sọ̀ náà. Fún iṣẹ́ yín, UHD 620 tó wà nínú Core i5 ìran kẹjọ ń ṣe é: Excel, Zoom, ojú kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ra ohun tó dàgbà ju ìran kẹjọ lọ, torí ibẹ̀ ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ lára Intel. Lára láptọ́ọ̀pù AMD, Ryzen 3000 ni. Àtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti parí ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Láti ìran kọkànlá, Core i5 àti i7 tó wà fún láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́ ní Iris Xe, ó lágbára ju 620 lọ dáadáa. Core Ultra tó ní H lẹ́yìn, bíi 125H, ní gíráfíìsì Arc. Èyí tó ní U lẹ́yìn kò ní Arc o.

Lára AMD ni kí ẹ ti lajú. Nọ́ńbà Ryzen 7000 ti láptọ́ọ̀pù, ìkẹta nínú nọ́ńbà mẹ́rin náà ló ń sọ ìran rẹ̀. 7520U, 2 ló wà ní ipò kẹta: Zen 2 ni, ìṣẹ̀dá ọdún 2019, gíráfíìsì rẹ̀ sì jẹ́ 610M tó ní ẹ̀yà méjì péré. 7530U jẹ́ Zen 3. 7540U jẹ́ Zen 4. Ryzen 5 ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn, ìyàtọ̀ wọn sì pọ̀. Tí ẹ bá rí 680M tàbí 780M, ìyẹn ní ẹ̀yà méjìlá.

Ọwọ́Fídíò

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Kí ẹni tó ń gé fídíò òde má kàn kọjá o, torí gíráfíìsì inú Intel ní ohun kan tí káàdì ńlá púpọ̀ kò ní. Kámẹ́rà tuntun ń gba fídíò ní H.265 10-bit 4:2:2. Láti ìran kọkànlá ni Iris Xe ti ń ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Lára NVIDIA, RTX 50 ni wọ́n tó fi í sí. Torí náà fídíò náà lè máa dúró gán-ín gán-ín lórí láptọ́ọ̀pù oní-RTX 30, kó sì máa ṣàn lórí láptọ́ọ̀pù tí kò ní káàdì.

Ibi tí kò ti tó ni DaVinci Resolve tó ní àwọ̀ àti noise reduction, Revit àti àwòrán 3D ńlá, àti géèmù tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ lo ó fún fídíò bákan náà, ẹ ṣe proxy (ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́) 1280×720 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé, kí RAM sì jẹ́ 32GB.

Ẹ̀gbọ́nÍnfátà

Lójú tèmi, iná gan-an ni ìdí tí láptọ́ọ̀pù yìí fi bá Èkó mu. Ṣájà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 45W sí 65W. Ti oní-káàdì máa ń jẹ́ 180W, 230W.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì ínfátà kan, 12V 200Ah, oní-ásíìdì. Ìlọ́po méjèèjì jẹ́ 2400Wh. Bátìrì ásíìdì kò yẹ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, ó ku 1200. Ínfátà fúnra rẹ̀ máa jẹ nǹkan bí ìdá 15 nínú 100, ó ku nǹkan bí 1020Wh. Láptọ́ọ̀pù yín á máa mu nǹkan bí 25W lórí Excel, fáànù 60W, gílóòbù méjì 20W: àpapọ̀ 105W. Wákàtí mẹ́sàn-án ó lé nìyẹn. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù géèmù tó ń mu 150W, pẹ̀lú fáànù àti gílóòbù kan náà, kò ní ju wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n fi sí Band A, tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lójúmọ́, lè má kà á sí. Ẹni tó wà ní Band D tó jẹ́ wákàtí 8, á kà á sí dáadáa.

Ẹ mú èyí tó ń gba iná láti USB-C, ìyẹn tó kọ Power Delivery. Bí ṣájà bá bàjẹ́, ẹ ò ní máa wá ẹnu ṣájà kan pàtó kiri. Wáyà USB-C tó máa gbé ju 60W lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 5A; bí ẹ bá fi wáyà fóònù lásán sí i, á máa gba iná díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin á sì máa rò pé bátìrì ló ti kú. Pawabáǹkì 20,000mAh jẹ́ 74Wh, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kún bátìrì láptọ́ọ̀pù 54Wh lẹ́ẹ̀kan, tí agbára tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bá tó 45W ó kéré tán.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ má kì í bọ̀ ọ́ ní tààràtà nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Ẹ jẹ́ kó dúró ṣinṣin kí ẹ tó tan sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pa sọ́kẹ́ẹ̀tì kí epo tó tán, torí nígbà tó bá ń kú lọ ni iná máa ń fò sókè sódò.

Arìnrìn_CMS

Ẹ dákun, ẹ má ra 17.3 tí ẹ bá ń wọ BRT lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ wọn lé ní kílò méjì, ẹ ò tíì ka ṣájà mọ́ ọn. Àpò ẹ̀yìn lásán kì í gbà á. Ojú ńlá tó wà nílé ló dára jù: 14 ínǹṣì nínú àpò, mọ́nítọ̀ 24 ínǹṣì lórí tábìlì.

Síkírínì_Otigba

Ìmọ̀ràn yẹn bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ojú kan mu. Àǹtí ń ṣiṣẹ́ ní Marina àti nílé, mọ́nítọ̀ méjì ni wọ́n máa rà nìyẹn. Bí ẹ bá máa so mọ́nítọ̀ mọ́ UHD 620, ẹ mọ̀ pé HDMI rẹ̀ kò ju 4K ní 30Hz lọ, eku á máa fà lórí rẹ̀. 1920×1080 kò ní wàhálà kankan.

Ohun tí 17.3 àti 16 fi ń wá sọ́dọ̀ àwa tó ń ṣàtúnṣe jù ni híńjì. Lára àwọn oníke, wọ́n fi irin kékeré pupa bíi bàbà rì sínú ike, híńjì wá de mọ́ ọn. Ojú tó fẹ̀ á máa fa ibẹ̀ ju ojú kékeré lọ, ike á wá tu, irin náà á jáde tòun ti ike. Bí ẹ bá ń ṣí i, àárín lókè ni kí ẹ dì mú, ẹ má fi ọwọ́ kan fa igun rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì tẹ́tí: tó bá dún "kẹ́kẹ́", tàbí tí igun ìsàlẹ̀ ojú bá lanu tí èékánná lè wọ̀ ọ́, híńjì ti ń já lọ. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ojú 15.6 sì ló kún ọjà jù. Bó bá fọ́, Computer Village lẹ ti máa rí i lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ 1920×1080 lásán jẹ́ pín 30 (irin tín-ín-rín tó wà lẹ́nu wáyà rẹ̀), èyí tó jẹ́ ti ìtẹ̀kàn tàbí 120Hz sì sábà máa ń jẹ́ pín 40. Wọn kì í wọ ara wọn.

ÌyáTòkunbọ̀_Agége

Ó yá, tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ máa rà, ẹ má jẹ́ kí ariwo Otigba, ìyẹn Computer Village, kó yín láyà sókè. Ẹ jókòó, ẹ ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ kọ́kọ́ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ wọ BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀: F2 lára Dell, F10 lára HP, F1 lára ThinkPad. Tó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ dìde. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé "kò ṣe nǹkan kan". Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún Windows fi sí i, ọ̀nà á dí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ti ilé iṣẹ́ tó ni í tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ jẹ́ ti ọ́fíìsì òkèèrè, àwọn kan ò tíì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn. Bí wọ́n bá fi Windows sí i láìso ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní hàn. Ẹ ní kí wọ́n ṣe Reset níṣojú yín, kí ẹ fi hotspot fóònù yín sí i níbi tó ti ń béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí orúkọ ilé iṣẹ́ kan bá jáde pẹ̀lú "Welcome", tó ń béèrè ímeèlì ọ́fíìsì, kì í ṣe tiyín, kò sì ní di tiyín. Ó lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ní sùúrù.

Bátìrì: ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport, á sọ ibi tó kọ ìwé náà sí. Ẹ wo DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 54,000 tí ìkejì jẹ́ 41,000, ìdá 76 nínú 100 ló kù, ó ṣì dára. Tó bá ti wà lábẹ́ 60, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Kíbọ́ọ̀dù: èyí tó wá láti Jámánì, Z àti Y ti gba ipò ara wọn, ti Faransé àti Bẹ́ljíọ́mù, AZERTY ni. Ti ìlú Ọba ní £ lórí 3. Ẹ̀yin tó ń ṣe ìṣirò, ẹ rí i pé nọ́ńbà wà lọ́tọ̀ ní apá ọ̀tún, torí kì í ṣe gbogbo 15.6 àti 16 ló ní i. Púlọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà kì í ṣe ìṣòro, ìwọ̀n iná ni kí ẹ kà lára ṣájà: 100–240V.

Àti rìsíìtì: kí wọ́n kọ serial number sí i, èyí tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí ó bá èyí tó wà nínú BIOS mu. Bí ohun tí wọ́n tà bá ní àbùkù tí wọ́n sì kọ̀ láti gbà á padà, LASCOPA ti ìpínlẹ̀ Èkó àti FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, rìsíìtì sì ni ẹnu yín níbẹ̀.

ÀǹtíOníṣirò

Ọlọ́run á bùkún gbogbo yín. Mẹ́ta ló wà níwájú mi báyìí. Àkọ́kọ́: 15.6 tuntun, Ryzen 5 7520U, 8GB tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, 250 nits. Èkejì: 15.6 tòkunbọ̀, i5-8350U, 16GB ẹyọ méjì, 1920×1080, bátìrì ìdá 58. Ẹ̀kẹta: 16 ínǹṣì tuntun, 1920×1200, 300 nits, i5-1335U, 8GB DDR4 ẹyọ kan, ihò kan ṣófo. Ẹ̀kẹta ló wọ́n jù.

Ọgbọ́nRAM

Ẹ fi àkọ́kọ́ sílẹ̀. 8GB tí kò ṣeé fi kún, tí gíráfíìsì tún ń bu nínú rẹ̀, Zoom àti Excel ńlá á há a mọ́. Èkejì bójú mu bí owó bá há, àmọ́ ìran kẹjọ ló dàgbà jù nínú ohun tí Windows 11 gbà, bátìrì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun.

Ẹ̀kẹta ni. Ẹ ra 8GB kan sí i. Kí ẹ tó lọ ra á, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ ya fọ́tò bébà ara RAM tó wà níbẹ̀. Ẹ máa rí nǹkan bíi "8GB 1Rx8 PC4-3200AA". PC4 ni DDR4, 3200 ni ìyára rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò náà han ẹni tó ń tà á. DDR5 kò ní wọlé, ibi tí wọ́n gé sí lára rẹ̀ yàtọ̀.

ÀǹtíOníṣirò

Ṣé mo lè fi í sí i fúnra mi?

Síkírínì_Otigba

Ẹ lè ṣe é, tí àmì wáráńtì kò bá bo ìkankan nínú bóòtù ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ ṣájà. Bóòtù ẹ̀yìn rẹ̀ lè má gùn bákan náà, ẹ tò wọ́n sórí bébà bí ẹ ṣe ń tú wọn, torí èyí tó gùn lè lu bọ́ọ̀dù bí ẹ bá fi í sí ipò èyí tó kúrú. Ẹ lo ike pẹlẹbẹ láti ṣí etí rẹ̀, ẹ má lo ọ̀bẹ. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù. Ẹ fọwọ́ kan irin tó kan ilẹ̀ kí iná ara yín lè jáde. Ẹ ki RAM náà wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, bí ẹni fi ìwé ti ògiri, títí apá aláwọ̀ góòlù rẹ̀ á fi wọlé tán, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ìdè ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dún. Ẹ dá bátìrì padà, ẹ dé e.

Ọgbọ́nRAM

Tí ẹ bá tàn án, ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ojú tó tàn lẹ́ẹ̀kíní yẹn, ẹ má pa á. Ẹ lọ sí Task Manager: "Slots used: 2 of 2", 16.0 GB. Ẹ wá ṣí dxdiag, ní Display, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní UHD, kó di Intel Iris Xe Graphics. Tó bá ṣì ń kọ UHD, tó sì ń kọ 8GB, ẹ̀gbẹ́ kan kò wọlé tán. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un kì.